Ìdána Tí Ọkọ Ìyàwó Kò Dé

Aago 5:15 ìdájí

Oṣù kìn-ín-ní ni, ọyẹ́ sì ti gba Ouagadougou ní Bùrkínà Fasò pátápátá. Alájì tí mo wọ̀ sí lọ́dọ̀ ti kírun Àsùbáà tán, ó ń yáná nínú àgbàlá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀yà ara alùpùpù ló ń tà nítòsí ọjà Sankaryaré, níbi tí bàbá rẹ̀ ti kọ́kọ́ pàtẹ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin Abidjan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú yìí ní ọdún 1954. Ó wo agbádá tí mo gbé kọ́ èjìká, ó mi orí.

"Ṣé ìdána kọ́ là ń lọ ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìdána ni. Ṣùgbọ́n ti àwọn Mossi ni. Bọ́ agbádá yẹn, wá nǹkan tí kò ní gba ojú èèyàn wọ̀. Ẹ̀bẹ̀ là ń bá wọn lọ bẹ̀, a ò lọ ṣe fáàrí."

Pʋg-pʋʋsem ni wọ́n ń pè é lédè Mòòré tí àwọn Mossi ń sọ, ṣùgbọ́n gbogbo Ouaga ti gé e kúrú sí PPS. Ìkíni ni. Ẹbí ọkọ á lọ kí ẹbí ìyàwó, wọ́n á gbé gbànja dání, wọ́n á sì máa retí ohun tí wọn yóò gbọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì lè tẹ̀ lé e, mọ́sálásí lè tẹ̀ lé e, ilé ìjọba náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà ò bá tíì jẹ gbànja, lójú ará ilé, ẹnikẹ́ni ò tíì fẹ́ ẹnikẹ́ni.

Aago 6:20

Ilé bàbá ọkọ wà ní Tampouy, lápá àríwá ìlú. Ẹni tó bá ti gbójú lé ẹrù ìyàwó ilé wa, pẹ̀lú iṣu mọ́kànlélógójì, oyin, ẹja gbígbẹ, àpótí aṣọ àti agboòrùn, ojú á ti í díẹ̀ tó bá rí ẹrù tí wọ́n dì síbí. Apẹ̀rẹ̀ gbànja kan tí wọ́n fi ewé tútù bò. Tábà. Iyọ̀. Àkùkọ méjì. Kẹ́ẹ̀gì dolo méjì, ọtí ọkà bàbà pupa tó jẹ́ ọmọ ìyá bùrùkùtù. Àgbò kan tí ọmọkùnrin kan gbé dùbúlẹ̀ sórí itan ara rẹ̀ lórí alùpùpù, tí àgbò náà sì ń wo títì bí ẹni tó ti gun alùpùpù rí.

Owó wà níbẹ̀ nínú àpòòwé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀. Ìdí wà. Òfin ẹbí tí Bùrkínà Fasò ṣe ní ọdún 1989 fi owó orí ṣe èèwọ̀, ìbáà jẹ́ owó, ìbáà jẹ́ ẹrù, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn bá àna ṣe lóko. Àgbà tó máa ṣáájú wa, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, ní ìyẹn ò kan àwọn. "Gbànja kì í ṣe owó orí," ló wí, tí Alájì sì ń túmọ̀ fún mi. "Ilẹ̀kùn la fi ń kàn."

Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń da tíì láti inú kẹ́tù kékeré sínú gíláàsì. Kò bá wa lọ. Nílé tí wọ́n bá ti di àṣà mú, ọkọ kì í débẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, òun ló ń sanwó iṣẹ́ fún àwọn ọmọ tó ń tún alùpùpù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí kò ní ohùn. Ó bọ Alájì lọ́wọ́, ó ní kó bá òun fojú sílẹ̀. Alájì ní kó lọ sùn.

Aago 7:35

Àwa mẹ́jọ la dé Bilbalogho, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ tó wà láàárín ìlú. Ilẹ̀kùn irin aláwọ̀ ewé ló wà lẹ́nu ilé náà, ó sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. A rí àwọn ọmọdé tó ń fọ abọ́. A rí obìnrin tó ń gbálẹ̀. Àwọn náà rí wa. Ẹnikẹ́ni ò ní ká wọlé.

Àgbà wa bọ́ bàtà, ó lóṣòó sẹ́bàá ògiri níta. Gbogbo wa ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wo aago nígbà tó di 7:50. Mo tún wò ó ní 8:05. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde láti inú ilé náà, ó kí wa, "Ne y yibeoogo," ó béèrè bóyá àlàáfíà la wà, a ní "Laafi." Ó béèrè àwọn ará ilé, laafi. Ó béèrè iṣẹ́, laafi. Ó béèrè òtútù, laafi. Lẹ́yìn náà ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ ra búrẹ́dì.

"Wọ́n gbàgbé wa ni?" mo bi Alájì.

"Ta ló gbàgbé ẹ? Wọ́n ń wò wá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a lè dúró."

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ará Tampouy máa lóṣòó síbẹ̀ nìyí. Wọ́n ti kọ́kọ́ wá, wọ́n gbé gbànja sílẹ̀, àwọn ará ilé náà gbà á láìsọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n tún wá, wọ́n ní bàbá tó yẹ kó dáhùn rìnrìn àjò. Nílé wa, alága ìjókòó á ti gbé gbohùngbohùn, á ti gba owó ìlẹ̀kùn, owó ìdúró, owó ẹ̀rín músẹ́. Á ti kọrin, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ á ti dọ̀bálẹ̀ tán, fọ́tò á ti wà lórí fóònù àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní Bilbalogho, pẹ̀lú orókún tó ń ro mí, mo rí i pé ohun tí alága wa sọ di eré, gidi ni níbí. Àwọn tí wọ́n ń tọrọ ọmọ yìí lè pa dà lọ lọ́wọ́ òfo, wọ́n sì mọ̀.

Àgbò náà ké lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ inú ilé rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Aago 8:30

Wọ́n pè wá wọlé. Àwọn obìnrin gbé igbá zoom-koom jáde, omi tí wọ́n fi ìyẹ̀fun jéró pò, tí wọ́n fi jíńjà àti àjàgbọn sí. Omi àlejò ni. Ẹni tí wọn ò bá fún ní omi náà, wọn ò tíì rí i. Àgbà wa mu, ó gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Igbá kan náà ló yí gbogbo wa ká. Ó tutù, ó ta ahọ́n díẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ igbá fún ẹni tó bá kẹ́yìn. Èmi ni mo kẹ́yìn.

Aago 9:00

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àgbà wa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí agbẹnusọ wa. Agbẹnusọ wa sọ ọ́ fún agbẹnusọ tiwọn. Agbẹnusọ tiwọn yí sí bàálé tó jókòó ní mítà méjì péré sí wa, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó tún un sọ. Bàálé dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì gba ọ̀nà kan náà pa dà. Gbólóhùn kan lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Àǹfààní rẹ̀ hàn nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ le: ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin ìyàwó béèrè ìdí tí àwọn ará Tampouy fi pẹ́ kí wọ́n tó pa dà wá, ohùn rẹ̀ sì gbóná. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, agbẹnusọ tiwọn ti yọ egungun inú rẹ̀. Ohun tí a gbọ́ ni pé àárò wa ń sọ wọ́n.

Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ọmọbìnrin náà. A wá kí ilé ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìran. Àwọn Mossi kì í fẹ́ ara wọn láàárín buudu kan náà, ìyẹn àwọn tí bàbá ńlá wọn jẹ́ ọ̀kan. Orúkọ ìdílé nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n, nítorí Ouédraogo pọ̀ ní Ouaga bí ewé. Wọ́n ní láti mọ abúlé, kí wọ́n mọ ojúlé, kí wọ́n mọ ìyá bàbá. Bàbá arúgbó kan tó fi gèlè wé etí nítorí òtútù ka ìran ilé Tampouy pa dà sẹ́yìn láìwo ìwé. Ó dúró níbì kan, ó béèrè nǹkan, àgbà wa dáhùn, ọkàn gbogbo wa sì balẹ̀.

N ò lè gbàgbé orúkọ Ouédraogo yẹn, nítorí ìtàn tó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ouédraogo ni ìjọba àwọn Mossi ti ṣẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni Yennenga, ọmọ ọba láti apá Gambaga tó wà ní Ghana òde òní, ajagun lórí ẹṣin, tí bàbá rẹ̀ kọ̀ láti fi fún ọkọ. Wọ́n ní ó gun ẹṣin jáde, ẹṣin gbé e wọ igbó, ó bá Rialé ọdẹ erin pàdé níbẹ̀, wọ́n bímọ, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní Ouédraogo, ìyẹn akọ ẹṣin. Ẹṣin góòlù tí wọ́n ń fún fíìmù tó bá gbégbá orókè ní FESPACO, àjọ̀dún fíìmù Ouaga, tí Newton Aduaka ọmọ Nàìjíríà gbà ní ọdún 2007, ẹṣin Yennenga nìyẹn. Ìgbéyàwó tí gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó tọrọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé gbànja. Mo sọ èyí fún Alájì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́.

Aago 10:10

Ọkùnrin kan tó sanra já wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Ó gba àárín wa kọjá, ó gbé apẹ̀rẹ̀ gbànja, ó gbé e sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì kéde pé ẹrú òun ni gbogbo àwọn Mossi tó jókòó yìí, pé ta ló fún ẹrú láṣẹ láti máa fi ọmọ fún ara wọn.

Mo wo ojú Alájì. Ó ń rẹ́rìn-ín tó fi ń wúkọ́.

Ẹ̀yà Samo ni ọkùnrin náà, aládùúgbò wọn. Àwọn Samo àti àwọn Mossi ń bá ara wọn ṣe rakiiré: wọ́n lè bú ara wọn, wọ́n lè gba oúnjẹ lẹ́nu ara wọn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ bínú. Níbi òkú pàápàá, wọ́n lè dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà kí wọ́n má jẹ́ kí pósí kọjá. Bàálé tó ti le koko látàárọ̀ ní kí wọ́n lé ajá náà jáde. Samo ní ajá kan ò lè lé olówó rẹ̀. Agbẹnusọ wa yọ 500 sẹ́fà. Samo fi ehín gé e wò, ó ní ayédèrú ni. Wọ́n fi 500 kún un. Ó bu gbànja mẹ́rin sápò, ó súre fún ọmọbìnrin náà pé kó bí àwọn ọmọ tí kò ní jọ àwọn Mossi, ó sì lọ.

Ara gbogbo ilé ti rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bí wọn ò bá ní Samo ládùúgbò, ó yẹ kí wọ́n lọ háyà ọ̀kan.

Aago 10:45

Wọ́n pe ọmọbìnrin náà. Ó da aṣọ borí, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin fà á lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀. Bàálé béèrè: ṣé ó mọ àwọn èèyàn yìí? Ṣé kí àwọn jẹ gbànja wọn?

Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin yìí. Alájì ní bó bá ń fún èèyàn ní abẹ́rẹ́, gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Èsì tó fún bàálé, àbúrò bàbá rẹ̀ nìkan ló gbọ́ ọ. Ìyẹn gbé e sókè: ẹ jẹ ẹ́.

Bàálé mú gbànja pupa kan, ó fi èékánná àtàǹpàkò là á sí méjì. Mo gbọ́ bó ṣe dún.

Aago 11:20

Àwọn àgbàlagbà bọ́ sẹ́yìn ilé, wọ́n ní kí àwa náà máa bọ̀. Lẹ́bàá ògiri ni ìkòkò kékeré kan wà, tí ìyẹ́ adìẹ lẹ̀ mọ́ lára. Bàbá tó fi gèlè wé etí yẹn ló gba dolo, ó ta á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń bá àwọn kĩimse sọ̀rọ̀, ìyẹn àwọn baba ńlá tó ti kú. Kò pariwo, kò sì yí ohùn pa dà. Bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀ náà ló ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó dárúkọ ọmọbìnrin náà. Ó dárúkọ ilé tó ń lọ.

Gbànja kì í ṣe obì àbàtà. Ojú méjì ló ní, àwọn oníṣẹ̀ṣe ilé wa ò sì ní dà á láti fi wádìí ọ̀rọ̀. Adìẹ ló ń gbẹnu sọ níbí. Wọ́n dúńbú àkùkọ, wọ́n jù ú sílẹ̀. Ó fò, ó ta gìrìgìrì yí ìkòkò ká, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, gbogbo wa mú èémí dúró, ó sì tún fi ìyẹ́ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yí, ó dojú sókè. Tó bá ti dojú sókè, wọ́n ti gbà. "Barka," ni gbogbo wọn wí.

Katikíìsì wà nínú ẹbí náà, àbúrò bàálé gan-an. Ó dúró sápá ibi tí òjìji ògiri parí sí, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, kò súnmọ́ ọn, kò sì lọ. Alájì tèmi náà ṣe bákan náà. Nínú ìkànìyàn ọdún 2019, nǹkan bí 64 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ní Mùsùlùmí ni àwọn, nǹkan bí 20 ní Kátólíìkì, nǹkan bí 9 péré ní ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Bí a bá ka àwọn tó wà lẹ́yìn ilé náà lọ́jọ́ yẹn, ìṣirò ọ̀hún máa yàtọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń fa adìẹ tu, bàbá arúgbó náà sọ fún mi pé ìkòkò yẹn kọ́ ni ojúbọ. Abúlé ni ojúbọ wà, lápá àríwá, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì tíì lè débẹ̀ láti ọdún mélòó kan nítorí àwọn agbébọn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Bùrkínà Fasò ti lé ní mílíọ̀nù méjì gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti kà wọ́n, àwọn ará abúlé tiwọn sì wà nínú wọn. "A kàn tọrọ àyè ni," ló wí. "A ní kí wọ́n ní sùúrù. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá ṣí, a máa wá ṣe é bó ṣe yẹ ká ṣe é."

Aago 1:00 ọ̀sán

A jẹun. Sagbo, tí ẹni tó mọ ọkà ọlọ́bẹ̀ ilá ò ní béèrè ohun tó jẹ́, ìrẹsì ọlọ́ràá, ẹran àgbò, dolo fún ẹni tó ń mu, bísáàpù, ìyẹn zobo tiwa, fún ẹni tí kò mu.

Aago 2:30

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàálé, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, jókòó tì wá, ló bá di àríyànjiyàn. Lábẹ́ òfin ọdún 1989, irú ohun tí a ṣe láàárọ̀ yìí kò ju pé àwọn èèyàn jẹ gbànja lọ. Ìgbéyàwó tó wà níwájú ìjọba nìkan ni òfin náà mọ̀. Obìnrin tó bá gbé ilé ọkọ fún ogún ọdún lórí PPS nìkan, tí ọkọ bá kú, kì í ní ìwé tó máa gbé lọ sílé ẹjọ́ nígbà náà. Akọ̀wé yìí ti rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ tó sunkún níwájú tábìlì rẹ̀, ó sì ní kí àwọn àgbà má sọ pé àṣà tó, nítorí ẹbí tó jẹ gbànja náà ló ń kó ẹrù opó síta.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àwọn àgbà sì dákẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ìgbà ti yí. Láti ọdún 2024, ìjọba ti ya 15 May sọ́tọ̀ fún àṣà àti ìṣẹ̀ṣe, wọ́n sì ń gba ìsinmi lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí àwọn ìpínlẹ̀ kan nílé wa ti ń ṣe ní 20 August. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí òfin ẹbí tuntun, èyí tó gba ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti ẹ̀sìn wọlé, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Nínú òfin kan náà ni wọ́n ti sọ ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin di ẹ̀ṣẹ̀, ìyẹn sì ni gbogbo ayé gbọ́. Ti gbànja, àwọn ará ilé nìkan ló gbọ́.

   

"Ọjọ́ wo lo máa wá kọ sínú ìwé?" bàálé bi akọ̀wé. "Tòní àbí ti Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ yín?"

Akọ̀wé ní Ọjọ́bọ̀.

"Kí la wá jẹ láàárọ̀?"

Aago 4:00 ìrọ̀lẹ́

Iṣẹ́ gidi kù: pínpín gbànja. Gbogbo ẹbí bàbá, ẹbí ìyá, aládùúgbò, ẹni tó wà ní Bobo-Dioulasso, ẹni tí wọ́n bá jà lọ́dún tó kọjá, gbogbo wọn ló ní tiwọn. Ẹni tó bá gba gbànja ti di ẹlẹ́rìí. Kò lè sọ lọ́la pé òun ò mọ̀ pé wọ́n fi ọmọ yẹn fọ́kọ. Àwọn obìnrin ń kà á sínú ọ̀rá, méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n ń pe orúkọ. Àríyànjiyàn tó wà lórí ẹni tó yẹ kó gba mẹ́ta pọ̀ ju ti owó inú àpòòwé lọ. Ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i lójú wa.

Wọ́n tẹ ọkọ ìyàwó láago pé kó wá dúpẹ́. Ó wá, ó wọ Faso dan fani, aṣọ òfì ilẹ̀ wọn, ó lóṣòó, ó dúpẹ́, wọ́n ní kó dìde, ó tún lóṣòó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ gbà. Kò rí ìyàwó rẹ̀.

Aago 7:15 alẹ́

Alájì náà gba ọ̀rá tirẹ̀, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá. Ó pín in láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní Sankaryaré, ó ń dárúkọ ilé méjèèjì fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku díẹ̀, ó ya mẹ́ta sọ́tọ̀ fún àbúrò ọkọ ìyàwó tó wà ní Abidjan, ó sì mú mi lọ síbi tí bọ́ọ̀sì tó ń lọ lówùúrọ̀ ti ń di ẹrù. Awakọ̀ wọn ọ̀rá náà lọ́wọ́, ó ní 1000 sẹ́fà.

"Gbànja ìgbéyàwó kì í sanwó ọkọ̀," Alájì sọ fún un.

Awakọ̀ ní òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé kó jẹ́ kó di mẹ́rin, kí òun lè jẹ ọ̀kan, kí òun náà lè jẹ́rìí.